Ta Ló Gbé Láptọ́ọ̀pù Lé Itan Fún Ọ Nílé Ìwòsàn?

"Àbúrò mi obìnrin bá mi gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, mo fi ọwọ́ tí wọn kò fa omi sí tẹ ohun tó yẹ kí n tẹ̀. Kò ju 40 ìṣẹ́jú lọ tí gbogbo rẹ̀ fi yanjú."

Ibi tí o sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ dé kò ju ìyẹn lọ. O fi í sáàárín àkámọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ díẹ̀ lánàá. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ni o fi sọ ti ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbà-gbà-gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Àìsàn tó dá ọ dùbúlẹ̀, tí ọmọ ìyá rẹ fi di tábìlì kọ̀ǹpútà fún ọ, àkámọ́ ló bá a mu lójú tìrẹ. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún padà sí ibi yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni mo fẹ́ dáhùn.

Kí ẹ̀yin tó kù lè mọ ohun tí à ń sọ: ẹni ọdún 26 ló kọ̀wé yìí. Ó ti ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, nílé iṣẹ́ kan fún ọdún méjì, ọ̀nà tí owó àwọn oníbàárà ń gbà wọlé ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà náà dákú lóṣù tó kọjá, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti tún un ṣe. Ó to àwọn ohun kéékèèké tó ń bí i nínú lójoojúmọ́ sílẹ̀, ó to àwọn tó ń dùn mọ́ ọn náà, ó wá béèrè pé: "Àǹtí, ṣé kí n ra hẹdífóònù tó ń dí ariwo ni, àbí kí n bẹ ọ̀gá mi kó jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ látilé ní gbogbo ọjọ́ márààrún?"

Àwọn ohun tó ń dùn mọ́ ọ, ó wù mí í kà. O ní kò sí ohun tó dà bí ìgbà tí gbogbo àyẹ̀wò kóòdù bá yọ àwọ̀ ewé (ó yege) lẹ́ẹ̀kan náà, tí pupa (ó kùnà) kankan ò sí níbẹ̀. O ní o pa 300 ìlà kóòdù àtijọ́ rẹ́ lọ́jọ́ kan, nǹkan kan ò bàjẹ́, ara rẹ sì fúyẹ́ títí di alẹ́. O ní ìṣòro kan tó ti dè ọ́ mọ́ àga fún ọjọ́ méjì tú palẹ̀ nígbà tí ò ń wẹ̀, o sì sáré jáde tòun ti ọṣẹ létí kó má baà sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, tó rí i tó dúró, ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹrin ni mi ò gbà. "Ọ̀gá mi sọ níwájú gbogbo èèyàn pé bí kò bá sí mi, ilé iṣẹ́ yìí ò lè dúró." O tò ó mọ́ àwọn mẹ́ta tó ṣáájú bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àwọn mẹ́ta yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló fún ọ. Ìyìn yìí ló gbé láptọ́ọ̀pù wá bá ọ lórí ibùsùn.

Wo àwọn ohun tó ń bí ọ nínú bí mo ṣe wò wọ́n. Àwọn tó ń kọ "Hẹlò" sí ọ tí wọ́n á wá dákẹ́, tí wàá máa wo àmì mẹ́ta tó ń jó lójú fóònù títí ọkàn rẹ á fi kúrò lórí ohun tí ò ń ṣe: o ní wọ́n tó mẹ́fà lóòjọ́. Kí ni wọ́n ń wá? Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé "ọ̀rọ̀ owó tó há ni ṣáá." Ìpàdé wákàtí kan tí ìlà mẹ́ta ìbá tó fún, kí ló dé tí wọ́n ń pè é? Torí pé ìlà mẹ́ta ọ̀hún kò sí níbì kankan tí wọ́n ti lè kà á, inú orí rẹ ló wà. Ìdíwọ́ ni ò ń pe gbogbo wọn. Èmi rí àwọn èèyàn tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kan ṣoṣo tí omi wà ládùúgbò.

O ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí o ti ń gbèrò láti kọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, "ṣùgbọ́n kò sí àyè." Àyè wà láti pa 300 ìlà rẹ́. Ìwọ lo sọ pé ẹnikẹ́ni ò rán ọ níṣẹ́ yẹn, pé ó kàn wù ọ́ ni. Bá mi sọ òmíràn, má bá mi sọ ti àyè.

Ó wá kan ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. O ní oṣù mẹ́rin ló dé, pé ariwo ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ìbéèrè rẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O ní ó tiẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé tí server, kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ yín ró, bá tún dákú, kí o jẹ́ kí òun jókòó tì ọ́, kí òun máa wò. O sì dá a lóhùn pé kí o tó ṣàlàyé fún un tán, wàá ti ṣe é parí. Háà! Ẹni tó fẹ́ bá ọ gbé ẹrù ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fún oṣù mẹ́rin gbáko, irú hẹdífóònù tí wàá fi dí ohùn rẹ̀ lo wá ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ká ní o jẹ́ kó wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré ni, òun ni ì bá tẹ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn, àbúrò rẹ ì bá sì rí ọ bá sọ̀rọ̀.

Mò ń gbóná bẹ́ẹ̀ torí pé mo ti wà níbi tí o wà. Kí n tó máa dáhùn lẹ́tà, ọ́fíìsì ìṣirò owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni mo sì mọ bí fáìlì owó oṣù ṣe ń lọ. Ọjọ́ kẹta tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n pè mí. Mo gbé ọmọ sílẹ̀, mo ṣàlàyé lórí fóònù fún wákàtí kan. Inú mi dùn! Mo rò pé ìyẹn ló fi hàn pé mo níyì. Nígbà tí mo wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló gba iṣẹ́ náà. Owó oṣù wọn ò pẹ́ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo ohun tí mo ń pa mọ́ fún wọn. Wákàtí kan yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí káàkiri kò ṣàìmọ ewu náà. Wọ́n tiẹ̀ ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi ara wọn: èèyàn mélòó ni bọ́ọ̀sì máa gbá kí iṣẹ́ tó dúró? Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n tí ìdáhùn bá jẹ́ ẹnì kan. Ó sì dájú pé o gbọ́ ìtàn xz, irinṣẹ́ kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan, ń darí káàkiri ayé. Ẹnì kan, Lasse Collin, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, láìgba owó. Ní 2022 ó sọ ní gbangba pé agbára tí òun fi ń bójú tó o ti dínkù. Àwọn kan ń kán an lójú ṣáá. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ló ń bá a gbé ẹrù iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì fara balẹ̀ títí wọ́n fi fọkàn tán an. Nígbà tó di 2024, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ì bá jẹ́ kí olè wọ kọ̀ǹpútà onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, òun náà ń kọ kóòdù, ní oṣù kẹta ọdún náà. Ohun tó rí ni pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ohun kékeré tí ẹlòmíràn ì bá kàn kùn sí kó sì kọjá. Ó béèrè ibi tó ti ń wá, ó tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ìbínú kéékèèké tìrẹ ṣe nìyẹn. Tẹ̀ lé "Hẹlò" mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn dé ìdí wọn.

Ọ̀gá rẹ náà ní tirẹ̀ láti gbọ́. Nínú ìwé tí àwọn ẹlẹ́rọ Google gbé jáde ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe ń mú iṣẹ́ dúró ṣinṣin, wọ́n ṣírò pé tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá wà lójú kan, tí ẹni méjì sì ní láti máa dúró de ìpè nígbà gbogbo bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni 8 ló kéré jù tó yẹ kó máa pín in, kó lè kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan lóṣù. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ rẹ kò tó tiwọn. Ṣùgbọ́n láàárín 8 àti 1, àyè tó wà níbẹ̀ fẹ̀. Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, tó sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́ kan tí wọn ò fa omi sí, kò ṣe dáadáa sí ọ, kò sì ṣe dáadáa sí àwọn tó ń sanwó náà. Ìyìn níwájú gbogbo èèyàn kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹnì kejì ló máa ná an lówó.

Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtùkùtù tí o ní o fẹ́ràn, kí ẹnikẹ́ni tó dé, lò ó lọ́la. Ohun tí o tẹ̀ lórí ibùsùn yẹn, láti orí èkíní dé ìkẹyìn, kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Tó bá di ọ̀sán, pe ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn, gbé ìwé náà fún un, kó fi dá server ìdánwò dúró kó sì tún un tan. Ìwọ káwọ́ sẹ́yìn. Má fọwọ́ kan nǹkan kan, ì báà jẹ́ pé ó ń fi ìka rẹ̀ lu kíbọ́ọ̀dù bí ìlù. Ibi tó bá ti dúró tó wo ojú rẹ, ibẹ̀ ni ohun tí o gbàgbé láti kọ wà. Kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o lọ bá ọ̀gá rẹ, kí fóònù tí wọ́n fi ń pè ọ́ bí nǹkan bá dákú lóru máa lọ sọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀ kan, sọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ kejì. Má lọ sọ fún ọ̀gá pé ó rẹ̀ ọ́, ó máa tún yìn ọ́ ni. Sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo ni owó àwọn oníbàárà gbé kọ́, àti pé ẹni náà ṣàìsàn lóṣù tó kọjá.

Hẹdífóònù, rà á tó bá wù ọ́. Ti pé kí o máa ṣiṣẹ́ látilé lójoojúmọ́, mi ò fọwọ́ sí i ní báyìí, torí ohun tó ń lé ọ kiri kò sí ní ọ́fíìsì. Ó bá ọ dé ilé ìwòsàn.

Àbúrò rẹ wá ńkọ́? Gbogbo 40 ìṣẹ́jú yẹn, itan rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, ojú rẹ sì wà lójú kọ̀ǹpútà. O ò kọ ohun tó sọ. O ò kọ bóyá o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ò kọ ohun tó bá wá, ó sì dájú pé kò wá síbẹ̀ láti wá di tábìlì. Pè é lónìí, kí o tó kọ kóòdù kankan, kí o bi í pé kí ló ń rò lọ́jọ́ yẹn. Tó bá dá ọ lóhùn, kọ̀wé padà sí mi kí o sọ ohun tó wí.