Kẹ́ ẹ tó kánsù, ẹ wo abẹ́ ìlà ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ẹ ní àbúrò yín tó ń múra WAEC rí (x² − 4)/(x − 2), wọ́n ní kó sọ iye x tí ò ní jẹ́ kó nítumọ̀, ó fáktọ̀ráìsì òkè sí (x − 2)(x + 2), ó kánsù x − 2 tó wà lókè àti nísàlẹ̀, ó ku x + 2, ló bá kọ ọ́ pé kò sí irú iye bẹ́ẹ̀, tíṣà ò sì fún un ní máàkì kankan, ẹ wá ń béèrè bóyá tíṣà ló ṣì í. Tíṣà ò ṣì í. 2 ni ìdáhùn. Àmọ́ ọmọ yẹn kì í ṣe olódo o, torí ibẹ̀ gan-an làwọn tí mo ń ṣe lésìn fún ní Takie níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, máa ń já sí, pàápàá àwọn tọ́wọ́ wọn yá. Ọmọ SS3 kan wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé báírò ẹ̀ á ti kánsù kó tó ka ìbéèrè dé ìdajì.

Wọn ò bi í pé kí ló kù tó bá kánsù tán. Ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ ni kó wò. Ẹ fi 2 sí i bó ṣe wà: òkè 4 − 4, òdo, ìsàlẹ̀ 2 − 2, òdo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kàkúlétọ̀, Math Error ló máa kọ sí yín lójú. Lóòótọ́ x + 2 máa fún yín ní 4, gbogbo ibi yòókù náà làwọn méjèèjì ti bára mu, àfi orí 2 yẹn nìkan. Tẹ́ ẹ bá yà á sórí gíráàfù, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan ni, ihò kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀.

Àwọn tíṣà kan máa ń fi máńgòrò mẹ́fà tí ò sẹ́ni tó máa gbà á ṣàlàyé ìdí tá ò fi lè fi òdo pín nǹkan. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ọmọ á kàn ní ṣebí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kù fún òun. Ẹ sọ fún un pé 6 ÷ 2 jẹ́ 3 torí 3 × 2 ló ń jẹ́ 6. 6 ÷ 0 ńkọ́? Kí la fẹ́ fi òdo sọ di púpọ̀ tó máa di 6? Kò sí. Ti 0 ÷ 0 tún wá burú, torí gbogbo iye ló máa bá a mu, èwo la wá fẹ́ mú?

Torí náà, iye tó máa sọ abẹ́ ìlà di òdo nìkan ni kẹ́ ẹ máa wá, òkè ò kan yín rárá. Nínú (x + 1)/(x² − 5x + 6), ìsàlẹ̀ ni (x − 2)(x − 3), 2 àti 3, ó parí. Àwọn kan á tún fi −1 kún un, −1 kàn máa jẹ́ kó di 0 lórí 12 ni, òdo gidi nìyẹn, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ x² + 4 ló wà nísàlẹ̀, kò sí iye gidi kankan tó máa sọ ọ́ di òdo, kẹ́nikẹ́ni má fipá wá −2 o.

Èyí tó máa ń dà wọ́n láàmú jù ni tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ìdá kan pín òmíì, bíi x/(x − 1) ÷ (x − 3)/(x + 2). Ẹni tó bá kọ́kọ́ dorí ìkejì kodò kó tó wo abẹ́ ìlà máa rí 1 àti 3, −2 á sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí x + 2 ti gun òkè lọ. Ẹni tí ò dorí ẹ̀ kodò rárá á rí 1 àti −2, kò ní rántí pé x − 3 ni wọ́n fẹ́ fi pín nǹkan, òun náà ò sì gbọdọ̀ jẹ́ òdo. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kọ: 1, −2, 3.

Ẹ fún un ní (x² − x − 6)/(x² − 9) lálẹ́ yìí, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. 3 àti −3 ló yẹ kó kọ. Tó bá kọ −3 nìkan, á jẹ́ pé ó tún ti kánsù nìyẹn.