"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ": ilé wo là ń wò?

Ìbéèrè: Iyèkan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àkúrẹ́ ni a bí wa sí. Abídèmí ni tirẹ̀, Ọlábísí ni tèmi. Ó ní bàbá wa le, wọn kì í dúró sílé. Bàbá tí èmi mọ̀ a máa gbé mi lé èjìká lọ sọ́jà. Nígbà tí a ro ẹjọ́ náà fún àgbà kan, ohun tí wọ́n sọ kò ju "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ" lọ. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn?

Ìdáhùn: Ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ òwe yìí sí ni ìdílé: ilé ọdẹ a sọ ọmọ ní Ọdẹ́túndé, ilé awo a sọ ọ́ ní Fábùnmi. Òótọ́ ni, àmọ́ ó kù síbì kan. Ilé náà tún ni bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí ọmọ dé. Èyí tí a bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà, èyí tó dé lẹ́yìn ọ̀fọ̀ ni Ẹkúndayọ̀. Kí wọ́n tó bí ọmọ kejì, ilé á ti yí padà.

Ẹ wo orúkọ tiyín. Abídèmí: a ti bí i kí bàbá tó dé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ti sọ pé bàbá kò sí nílé kí òun alára tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọlábísí ní tirẹ̀, ọlá ti ń pọ̀ sí i nínú ilé. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú yín. Iyèkan túmọ̀ sí pé ìyá kan ló bí yín, kò sọ pé irú ọjọ́ kan náà ló bí yín sí.

Ní ilé tiwa ní Òndó, ọdún 1974 ni àǹtí mi parí ìwé mẹ́fà. Bàbá wa kò rí owó girama san, wọ́n ní kí Àǹtí lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi wọ girama ní 1980, mi ò san kọ́bọ̀, torí ìjọba Adékúnlé Ajásin tó wọlé ní oṣù kẹwàá 1979 ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó. Àǹtí ló rán yunifọ́ọ̀mù mi. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ tán, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò tẹ kọ́là rẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ ó ti tọ́.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí sọ pé bàbá kò jà fún àwọn rí, inú bí mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bàbá ọdún 1974 ni wọ́n ń sọ. Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà yẹn, mi ò mọ̀ rárá pé bàbá ń wá owó kiri.

Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè ibi tí bàbá wà lọ́jọ́ tí a bí i. Bí màmá yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi àwọn náà.