Ẹ Bi Wá: Awò Ìkàwé, Kànga Ìlú àti Owó Tó Ṣẹ́kù

Àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ láti ìlú kéékèèké ló kọ̀wé sí wa jù lóṣù yìí. A mú mẹ́rin nínú ìbéèrè wọn.

Ẹgbẹ́ Lions ni wá, l'Ọ́ṣun. A fẹ́ yẹ ojú àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́, ká sì fún wọn ní awò ìkàwé. Owó wa ká ọgọ́rùn-ún awò. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní ká kúkú ra awò nọ́ńbà +2.50 nìkan, pé òun ló ń tà jù. Ṣé ká gbà?

Ẹ má gbà o. Díẹ̀díẹ̀ ni dígí inú ẹyinjú ń le bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, tó bá sì di bí ogójì ọdún, kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni nọ́ńbà awò ń lọ: +1.00 fún ẹni 40 sí 44 ọdún, +1.50 fún 45 sí 49, +2.00 fún 50 sí 54, +2.50 fún 55 sókè. Tó bá jẹ́ àwa la fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún, a ó mú 15 nínú +1.00, 20 nínú +1.50, 30 nínú +2.00, 25 nínú +2.50, àti 10 nínú +3.00 fún ẹni tí +2.50 kò bá tó.

Ọjọ́ orí kàn ń tọ́ka ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó di ìwé mú ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40 sí ojú, bí èèyàn ṣe ń mú Bíbélì tàbí Kùránì. Ẹni tí kò kàwé ńkọ́? Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú, tàbí ìrẹsì tí òkúta wẹẹrẹ wà nínú rẹ̀. Awò tó bá fi rí òkúta náà ṣà ni tirẹ̀. Bí awò méjì bá ṣiṣẹ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni kí ẹ fún un. Èyí tó lágbára máa ń wu èèyàn torí ó ń sọ nǹkan di ńlá, ṣùgbọ́n tó bá délé, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ìwé kó tó rí i kà.

Kí ẹ tó kan awò rárá, ẹ fi téèpù wọn mítà mẹ́fà, kí ẹ gbé pátákó lẹ́tà E kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi bo ìkejì. Tó bá jẹ́ ìka, àárín ìka ni yóò ti máa yọ́ wò ó. Ẹni tí kò bá rí ìlà tí wọ́n kọ 6/12 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára pátákó náà, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sára páálí, kó gba ibẹ̀ wò. Bí ìríran rẹ̀ bá já gaara sí i, awò ọ̀nà jíjìn ló nílò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ilé ìwòsàn ojú ló kàn.

Ibi tí irú ètò yìí ti máa ń ṣìnà ni ti glaucoma, àrùn ojú kan tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jí ìríran lọ, kì í sábà dunni, ẹni tó ń ṣe sì lè ka pátákó yín tán láìṣì í. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní àrùn náà, ẹ kọ ìwé fún un sọ́dọ̀ dókítà ojú tó lè wọn ìfúnpá inú ojú, kó sì yẹ iṣan ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹnì kan pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bóyá ó lọ. Láti 1925 tí Helen Keller, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó fọ́jú tó sì dití, ti lọ bẹ Lions ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n gbèjà àwọn afọ́jú ni iṣẹ́ ojú ti di tiwọn. Ẹ má jẹ́ kó di ti fọ́tò lásán.

A fẹ́ fọ kànga gbogboogbò ìlú wa, ká sì da kiloríìnì sí i. Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń lo pẹtiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú rẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì máa ń há sínú kànga. Ẹni tó bá sáré wọlé lọ yọ ẹni àkọ́kọ́ náà lè bá a lọ.

Ẹ fa omi ìdọ̀tí àti ẹrẹ̀ jáde, kí ẹ jẹ́ kí omi tuntun sun. Ẹrẹ̀ máa ń jẹ agbára kiloríìnì. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jù ú dé ìsàlẹ̀. Ibi tó tutù lára okùn ni jíjìn omi. Kànga tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan, mítà omi kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ lítà 785. Tí omi bá jìn tó mítà mẹ́ta, lítà 2,355 nìyẹn, gíráàmù 170 ìyẹ̀fun kiloríìnì tí wọ́n ń pè ní HTH 70% ló sì máa tó o. Tí ó bá fẹ̀ tó mítà 1.2, mítà kọ̀ọ̀kan ti di lítà 1,130, torí náà ẹ má fojú díwọ̀n.

Inú ike ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe garawa onírin. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ, kí ẹ wá da ìyẹ̀fun lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Tó bá tòrò, èyí tó mọ́ lókè ni kí ẹ dà sí kànga àti sára ògiri rẹ̀. Ẹ fa omi, ẹ dà á padà, bí ìgbà mẹ́wàá, kó lè pò pọ̀. Ẹ tì í pa di ọjọ́ kejì, kí ẹnì kan sì ṣọ́ ọ, torí àwọn ọmọ máa ń wá pọnmi ní ìdájí. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, jìnnà sí adágún ẹja.

Bí sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga bá là, tàbí tí ṣáláńgá wà nítòsí, ìdọ̀tí á tún padà. Iye tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹ sì ra garawa kan àti okùn kan tí gbogbo èèyàn á máa lò, tí kì í kan ilẹ̀.

Ṣé ó dáa ká máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjà?

Ó dáa, tí ẹ bá rí ibi ìjókòó tó dákẹ́. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí apá wà ní ìhòòhò ní ìwọ̀n àyà, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tó 140/90, ó yẹ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilé ìwòsàn. Tó bá tó 180/120, tí àyà sì ń dùn ún tàbí apá kan ara kú tipiri, kó lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn kankan.

A ṣe lọ́ńṣìn, owó ṣẹ́kù. Àwọn kan ní ká fi ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ṣé ó burú?

Ó burú. Òfin Lions ni pé owó tí aráàlú bá dá, aráàlú ni yóò padà sí. Ìnáwó tó bá lọ tààrà sórí lọ́ńṣìn náà nìkan lẹ lè yọ. Owó oṣù tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san ni í ra aṣọ àti ohun jíjẹ ìpàdé. Ẹ ṣí àkáǹtì méjì, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí rìsíìtì ní nọ́ńbà, kí ẹ sì lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ògiri ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kó tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.