Ṣé eyín tó máa já náà la ó tún máa náwó sí?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o dókítà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 5, eyín rẹ̀ kan lẹ́yìn nísàlẹ̀ ti dúdú, ó ti lu, ẹkún ló fi ń jẹun báyìí. Màmá ọkọ mi ní eyín ọmọdé ni, á já, kí n má lọ náwó dànù. Kí ni kí n ṣe? Èmi ìyá ọmọ, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Màmá ò parọ́, eyín yẹn máa já, àmọ́ ìgbà wo? Tiwájú ló ń já ní nǹkan bí ọdún 6, èyí tá a máa ń jù sórí páànù kí alángbá má rí i. Eyín ẹ̀yìn tá a fi ń lọ oúnjẹ, ó di bí ọdún 10 sí 12, ṣé gbogbo ìgbà yẹn lọmọ á fi máa sunkún ni?

Èyí tó máa ń dùn mí jù rèé. Eyín ọmọdé, 20 ni, márùn-ún márùn-ún lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀tún àtòsì lókè, ọ̀tún àtòsì nísàlẹ̀. Tó bá di bí ọdún 6, ẹ ka eyín láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn, ìkẹfà tẹ́ ẹ bá rí, eyín àgbà ni, kò séyín tó já kó tó yọ, ìdí nìyẹn tí òbí kì í fi í mọ̀ pó ti dé. Wọ́n á gbé ọmọ ọdún 9 wá pé ká bá wọn yọ eyín ọmọdé tó ti jẹrà, mo máa tan iná wò ó, eyín àgbà ni, kò sì tún sí òmíràn tó ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti lu lẹ́nu ọmọ yín yìí gan-an ló máa yọ sí o. Tẹ́ ẹ bá sì kàn ní kí wọ́n yọ tìsinsìnyí dànù, ìkẹfà yẹn lè sún síwájú gba àyè, kí èyí tó yẹ kó hù níbẹ̀ wá wọ́. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń fẹ́ dí i tó bá ṣì ṣeé dí.

Kòkòrò tá a máa ń sọ pé ó ń jẹ eyín yẹn kì í ṣe ekòló kankan, àwọn kòkòrò àrùn tín-tìn-tín ni, ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á wá máa su omi kíkan sára eyín. Ògì oníṣúgà lálẹ́ kó tó sùn, kẹ́nu ó wà bẹ́ẹ̀ dàárọ̀, àsè ńlá nìyẹn fún wọn.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé orí ẹ̀ lé itan yín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé ètè òkè sókè. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun bí ẹfun nídìí eyín, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ó ṣì ṣeé dá dúró. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ títí á fi tó bí ọdún 7, àárọ̀ àti alẹ́, ọṣẹ ìfọyín tó ní flúórídì, ìyẹn èròjà tó ń mú eyín le, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kó tutọ́, kó má fi omi ṣan án dànù. Èmi náà ń rún orín, mi ò bá a jà, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé ò ká a.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì kàn án, ó ń bó ẹran ìdí eyín. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka eyín nílé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí tí ara bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kódà kó jẹ́ òru.