Ìpín Tí O Fi Ọwọ́ Ara Rẹ Rà Ńkọ́?

Àbúrò mi, ẹ̀sùn ló kún inú lẹ́tà rẹ. O ní láàárín ọdún mẹ́rin, o ti gba owó rẹ kúrò lọ́wọ́ alábòójútó mutual fund mẹ́ta (àpò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá owó sí, tí alábòójútó sì ń bá wọn fi ra ìpín), nítorí pé kò sí èyí tí ó mọ iṣẹ́ nínú wọn, o sì ń bi mí pé ta ni kí o gbé e fún báyìí. Èmi kò ní dáhùn ìyẹn. Gbólóhùn kan tí o sọ kọjá ní àárín ojú-ìwé kejì ni kò jẹ́ kí n sinmi: "Àwọn ìpín ilé-iṣẹ́ tí èmi fúnra mi rà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti já sí ìdajì, ṣùgbọ́n mò ń dúró kí wọ́n padà sí iye tí mo rà wọ́n." Lẹ́yìn náà ni o tún padà sórí ẹ̀sùn rẹ.

Àpò kan náà ni owó méjèèjì ti jáde, àdánù sì ni méjèèjì. Kí ló dé tí o fi sá fún ọ̀kan, tí o sì jókòó ti èkejì? Èyí tí ẹlòmíràn ń bójú tó, o rí ẹni di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ yàn, bí o bá tà á, o ti gbà nìyẹn pé ìwọ lo ṣìṣe, ohun tí o kò sì fẹ́ gbà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ọgbọ́n. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1998, Terrance Odean, olùwádìí ọ̀rọ̀ owó, yẹ àkáǹtì 10,000 wò ní ilé-iṣẹ́ alágbàtà ìpín kan ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn ń yára ta ìpín tí ó ti jèrè, wọ́n sì ń di èyí tí ó ń pàdánù mú. Bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan lẹ́yìn títà, èyí tí wọ́n tà fi nǹkan bí ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe dáadáa ju èyí tí wọ́n kọ̀ láti tà lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn, Chang, Solomon àti Westerfield, wá yẹ mutual fund wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, òdìkejì ni wọ́n bá: fund tí ó ń pàdánù ni àwọn oníbàárà ń tà, nítorí pé alábòójútó wà nílẹ̀ tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ìwọ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "kí ó padà sí iye tí mo rà á" yìí ti sú mi. Ọjà kò mọ iye tí o ra nǹkan, kò sì jẹ ọ́ ní gbèsè rẹ̀. Ìpín tí ó já sí ìdajì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì iye tí ó jẹ́ lónìí kí ó tó dé ibi tí o ń wí. Kí ni ilé-iṣẹ́ náà ní tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Èrè rẹ̀ ńkọ́, gbèsè rẹ̀ ńkọ́? O kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀.

Èmi kò gbèjà àwọn alábòójútó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra ohun tí ẹgbẹ́ wọn ń rà, nítorí pé ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ ṣìṣe kì í tètè pàdánù iṣẹ́ bí ẹni tí ó dá nìkan ṣìṣe. Àwọn mìíràn tí wọ́n bá ti rẹ̀yìn ní àárín ọdún a máa kó sínú ewu púpọ̀ sí i kí wọ́n lè bá àwọn yòókù kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ìwọ náà sọ pé ẹni tí ó gba ipò kìíní ní ọdún tí ó kọjá ni o ń sáré lọ bá nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí owó fund náà ti gun òkè ni o ń rà á, nígbà tí ó bá sì wálẹ̀ ni o ń jáde.

Mú bébà kan. Kọ orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan tí o ní sí i, má ṣe kọ iye tí o rà á. Bi ara rẹ pé bí ó bá jẹ́ owó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí, ǹjẹ́ ìwọ yóò fi ra ìpín yìí? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, tà á, kí o tó tún kọ̀wé sí mi nípa alábòójútó kẹrin.