Ṣé kí n ra káìtì ọ̀rẹ́ mi, kí n sì fi fídíò kọ́ ara mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn tó ń fi káìtì, aṣọ ńlá olókùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè, sáré lórí omi pẹ̀lú pátákó lẹ́sẹ̀, ó sì wù mí láti kọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, kílò 75 ni mí, ṣùgbọ́n n kò gun pátákó rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fi eré náà sílẹ̀ fẹ́ ta káìtì rẹ̀, oní-mítà onígun mẹ́rin 12, fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á, kí n máa wo fídíò, kí n sì máa dá gbìyànjú létí òkun?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á, ẹ má sì dá gbìyànjú rárá. Nínú gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá kọ́ eré yìí, àwọn tó fẹ́ dá kọ́ ara wọn ni ọkàn mi kì í balẹ̀ lé lórí.

Òye omi tí ẹ ní wúlò púpọ̀, àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà wà. Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń fa káìtì á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti knot 15 sí 21 (knot ni wọ́n fi ń wọn ìyára afẹ́fẹ́), bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ lójú, agbára náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Káìtì 12 tó rọrùn fún ẹni tó tó yín ní knot 15 lè gbé yín kúrò nílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣàdédé le.

Ohun tí fídíò kò lè kọ́ ọwọ́ yín nìyí: bí ẹ bá fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra, agbára káìtì á pọ̀ sí i, bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, púpọ̀ nínú agbára náà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí jìnnìjìnnì bá bá kì í ju nǹkan sílẹ̀. Ńṣe ló máa dì í mú gírígírí, á sì fà á mọ́ àyà. Ohun tí ara ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀ ló wá ń ṣe é léṣe. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìjánu ìtúsílẹ̀, èyí tó ń tú agbára káìtì sílẹ̀ lójú pàjáwìrì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú dídì, kí káìtì kankan tó gbéra.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó fi káìtì kékeré, oní-mítà 2 tàbí 3, mọ ibi tí agbára wà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́: lókè orí yín àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, káìtì kì í fà púpọ̀, ọ̀kánkán iwájú yín ló ti ń fà burúkú. Nígbà tí ẹ bá wọnú omi, káìtì ni yóò máa wọ́ yín kiri láìsí pátákó. Ó lè sú yín, àmọ́ bí ẹ ṣe máa padà dé ìdí pátákó tó bọ́ lẹ́sẹ̀ yín nìyẹn. Pátákó ló kẹ́yìn. Wákàtí bí i 9 sí 12 lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, bí irú ti IKO, àjọ àgbáyé fún eré káìtì orí omi, ló sábà máa ń gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé apá yín kò lágbára, ìgbànú tí a so káìtì mọ́ ló ń gba ìfà náà.

Ẹ yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dúró déédéé, láàárín knot 12 sí 18, tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun tàbí tó dà díẹ̀ sí ilẹ̀. Èyí tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sí agbami, ẹ má bá a ṣeré láé. Bí ìkùukùu bá ṣú, ẹ sọ káìtì kalẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù, nítorí igi, òkúta àti ògiri kì í yẹ̀ fúnni bí omi. Ẹ dé akoto.

Ní ti káìtì ọ̀rẹ́ yín, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú nǹkan bí 2005 kì í tú agbára sílẹ̀ dáadáa. Bí ó bá wà nínú wọn, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Bí kò bá sí nínú wọn, ẹ parí ẹ̀kọ́ ná, kí olùkọ́ yín wá fọn afẹ́fẹ́ kún inú káìtì náà, kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó sì yẹ okùn àti ìjánu ìtúsílẹ̀ wò. Bí ó bá ṣì le gbagidi, ẹ wá lọ dúnàádúrà.