Ẹ̀kọ́ Wo Ló Kù fún Oníṣègùn tó Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Bàbá Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 14 ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ bàbá mi kí wọ́n tó dágbére fáyé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dá ṣe é. Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa ní kí gbogbo wa máa lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì ni yóò sì máa kọ́ wa. Kò sí ẹni tó kú sí mi lọ́wọ́ rí. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àṣírí ewé bàbá mi ni wọ́n ń wá?
(Oníṣègùn kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá wa. Mo gbà yín gbọ́ pé kò sí ẹni tó kú sí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu àgbo lónìí, tí kíndìnrín rẹ̀ wá daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò ní í padà wá kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní í rántí àgbo náà mọ́.

Ẹ wo akogun, tí àwọn kan ń pè ní akọ-igún, tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń lo egbò rẹ̀. Ẹbí Aristolochia ló ti wá, èròjà kan sì wà nínú àwọn ewéko ẹbí yìí tó ń jẹ́ aristolochic acid. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Belgium, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lo òògùn tí wọ́n ti fi ọ̀kan nínú àwọn ewéko yìí rọ́pò ewéko mìíràn láti Ṣáínà. Ó lé ní 100 nínú wọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì tún mú àwọn kan lẹ́yìn náà. Bàbá yín kò lè rí irú èyí, kì í sì í ṣe pé ìmọ̀ wọn kéré. Àìsàn tó ń yọ́ rìn bẹ́ẹ̀ kì í hàn sí ẹnì kan ṣoṣo, àfi bí a bá kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn jọ.

Asofẹ́yẹjẹ náà wà níbẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń fi tọ́jú wèrè, wọn kò sì ṣìnà, nítorí èròjà reserpine inú rẹ̀ ń mú ara rọlẹ̀, ó sì ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn òde òní lè ti gbé wóró òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì láàárọ̀ kó tó mu àgbo yín nírọ̀lẹ́. Bí méjèèjì bá pàdé, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé òòyì yóò gbé e ṣubú bó ṣe ń dìde lórí ẹní.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè òògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó wá, ohun tí a fún un àti bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó padà wá. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ẹ bu ìkúnwọ́ egbò gbígbẹ kan lé e, kí ẹ sì ní kí ọmọṣẹ́ yín bu tirẹ̀. Ẹ óò rí i pé wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ “ìkúnwọ́ kan” lẹ̀yin méjèèjì ń sọ fún aláìsàn.

Ẹ béèrè nípa ọtí tí ẹ fi ń rẹ egbò náà pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn ṣàdédé ń fọ́, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, kó tó di pé àyẹ̀wò tọ́ka sí methanol, irú ọtí olóró kan, nínú ògógóró. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀.

Ní ti àṣírí, ẹ̀rù yín tọ́. Olùkọ́ tó bá ní kí ẹ ka àpapọ̀ àgbo yín síta, ẹ má dá a lóhùn, nítorí ẹ̀kọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí kò nílò rẹ̀ rárá. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìwádìí, ìwé àdéhùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Láti inú òògùn ìdílé oníṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ti ṣe Niprisan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí àwọn olùkọ́ náà dùn yín. Ní Abẹ́òkúta yín níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà Lambo tó kàwé nílùú òyìnbó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìbéèrè: Eléwé ọmọ ni mí ní Ìbàdàn, n kò sì kàwé. Ọmọ mi ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ṣé ẹ̀kọ́ yìí kàn mí?

Ìdáhùn: Ó kàn yín gan-an, Ìyá wa, torí ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ìyá ọmọ ń kọ́kọ́ sáré wá. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yín, kí ewé sì wà lórí tábìlì. Ohun kan tí ẹ kò ní láti dúró de ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ gìrì. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù àti ewé tábà ṣe máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá mímí rẹ̀ dúró, tó fi jẹ́ pé àgbo náà lè ṣe ọmọ léṣe ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì ń ṣe wá sí ìsọ̀ yín, ẹ má ṣe tú igbá ewé rárá. Ẹ bá ìyá rẹ̀ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.